Bí owó bá pòórá ní báńkì, ta ló yẹ kó wá ẹ̀rí wá?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìyẹ. Láyé tí owó ti kúrò lábẹ́ ẹní, tó di ohun tó ń gba inú fóònù àti kọ̀ǹpútà kọjá yìí, ó jọ pé adìyẹ nìkan ni wọ́n ń bá wí. Bí oníbàárà kan bá jí láàárọ̀, tó bá àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀ pé N200,000 ti jáde nínú àkáǹtì òun lóru, tó sì sáré gba báńkì lọ, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ pàdé kì í sábà jẹ́ ti olè tó wọlé, tàbí ti ọ̀nà tí olè náà gbà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi í ni pé: "Ta lẹ fún ní nọ́ńbà àṣírí yín?"

Kì í ṣe pé ìbéèrè náà kò nídìí. Àwọn gbájúẹ̀ tó ń pe èèyàn lórí fóònù, tí wọ́n ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ báńkì kí wọ́n lè gba nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, pọ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tó pòórá ni olówó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún olè. Nígbà mìíràn, òṣìṣẹ́ báńkì ló lọ́wọ́ sí i. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ló ní àléébù. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló fi nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí báńkì bá wá ní ẹ̀rọ òun kì í ṣàṣìṣe, tí oníbàárà sì ń búra pé òun kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ta ló yẹ kó wá ẹ̀rí wá? Ìbéèrè yìí ni òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti dáhùn lọ́nà tirẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n sì fún un ló ń pinnu bí kọ́kọ́rọ́ tí báńkì fi sẹ́nu ọ̀nà yóò ti lágbára tó.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tètè dáhùn tiwọn. Lọ́dún 1978, àwọn aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin lórí fífi ẹ̀rọ gbé owó láti ibì kan sí ibòmíràn. Òfin náà sọ pé bí oníbàárà bá ní òun kọ́ ni òun gba owó kan, báńkì ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé oníbàárà náà ló fọwọ́ sí i. Òfin yìí kò ní kí oníbàárà kàn káwọ́ gbera o. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sọnù, tó sì fi tó báńkì létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tó ti mọ̀, ohun tí yóò pàdánù kò lè ju $50 lọ. Ẹni tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè pàdánù tó $500. Ẹni tí báńkì bá sì fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì ránṣẹ́ sí, tó jẹ́ kí ọgọ́ta ọjọ́ kọjá láìsọ ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ru ohun tó bá tún sọnù lẹ́yìn ìgbà náà. Òfin náà pín ẹrù ni: iṣẹ́ oníbàárà ni láti tètè pariwo, iṣẹ́ báńkì sì ni láti wá ẹ̀rí.

Lọ́dún 1980, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé kóòtù ní ìlú New York. Obìnrin kan ní $800 ti jáde nínú àkáǹtì òun láti inú ẹ̀rọ tó ń pọ owó, èyí tí tolórí-tẹlẹ́mù ń pè ní ATM. Ó mú ìwé wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ lòún wà ní wákàtí tí wọ́n ní òun gba owó náà. Báńkì kó àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó sì ní kò sí ẹni tó lè gba owó náà láìsí káàdì àti nọ́ńbà àṣírí obìnrin náà. Adájọ́ wo ọ̀rọ̀ èèyàn, ó wo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kò sì gbà pé ẹ̀rọ kò lè ṣàṣìṣe. Obìnrin náà ló jàre.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn báńkì ibẹ̀ ń sọ ni pé kò sí bí ẹ̀rọ àwọn ṣe lè fún ẹlòmíràn lówó. Bí owó bá jáde, olówó ló gbà á, tàbí ará ilé rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé irọ́ ló ń pa. Ọ̀rọ̀ yìí ló kó bá ọlọ́pàá kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọkùnrin náà ti ìsinmi dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ó rí i pé wọ́n ti gba owó nínú àkáǹtì òun lẹ́ẹ̀mẹfà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ £460. Ó lọ fẹjọ́ sùn ní báńkì. Dípò kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà, wọ́n ní kí ìjọba gbé e lọ sí kóòtù fún ẹ̀sùn pé ó fẹ́ fi èrú gba owó. Kóòtù dá a lẹ́bi lọ́dún 1994.

Nígbà tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí báńkì jẹ́ kí onímọ̀ tó ń gbèjà ọlọ́pàá náà yẹ kọ̀ǹpútà wọn wò, bí onímọ̀ tiwọn náà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Báńkì kọ̀ jálẹ̀. Adájọ́ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò ní gba àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí wọ́n ṣe dá ọkùnrin náà sílẹ̀ lọ́dún 1996 nìyẹn, lẹ́yìn ọdún méjì tí ó ti ń jẹ́ orúkọ ọ̀daràn nítorí pé ó sọ pé owó òun sọnù.

Onímọ̀ tó gbèjà rẹ̀ ni Ross Anderson, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cambridge, tó sì kú lọ́dún 2024. Anderson ti ṣe ìwádìí lórí ìdí tí ààbò ẹ̀rọ báńkì fi máa ń já kulẹ̀, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1993. Ohun tó rí ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Àwọn olè kò fi idán tàbí ìṣirò ńlá kankan wọlé. Àṣìṣe kéékèèké, àìkíyèsára àti òṣìṣẹ́ alábòsí ni wọ́n ń rí lò. Àwọn kan jí káàdì tí báńkì fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Báńkì kan tilẹ̀ wà tó kọ nọ́ńbà àṣírí oníbàárà sẹ́yìn káàdì ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, ṣùgbọ́n tí kò so ó mọ́ nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yóò yí nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lẹ́yìn káàdì tirẹ̀ padà sí ti ẹlòmíràn, yóò sì fi nọ́ńbà àṣírí ara rẹ̀ kó owó olówó lọ. Bí olówó bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ gbé nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ mì bí oògùn, kò lè gbà á.

Èyí tó hàn kedere jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé pélébé tí ẹ̀rọ ATM máa ń pọ̀ jáde lẹ́yìn tí èèyàn bá gba owó tán. Láyé ìgbà náà, wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sórí rẹ̀ pátápátá. Olè yóò dúró sí ìtòsí, yóò fi ojú gán-ánní nọ́ńbà àṣírí tí oníbàárà ń tẹ̀, yóò sì ṣa ìwé tí onítọ̀hún jù sílẹ̀. Ohun méjèèjì yìí tó fún un láti ṣe káàdì ayédèrú. Wọ́n lè máa kìlọ̀ fún oníbàárà títí ayé pé kó má ju ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn yóò máa jù ú sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà kò ju pé kí báńkì yéé tẹ gbogbo nọ́ńbà sórí ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àmì ìràwọ̀ ló bo púpọ̀ nínú nọ́ńbà tó ń wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ibi tí Anderson wá fi ọ̀rọ̀ náà tì sí ni pé ẹni tí àdánù bá máa já lé lórí ni í ṣọ́ra. Àwọn báńkì Amẹ́ríkà mọ̀ pé bí àwọn kò bá rí ẹ̀rí mú wá, àwọn ni yóò san owó náà, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn. Àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn fún láti ti ẹ̀bi sọ́rùn oníbàárà, àìbìkítà ló wọ àárín wọn, olè jíjà sì ń ràn sí i.

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ńkọ́? Nínú òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, abala kọkàndínlógún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ìlàjì àkọ́kọ́ gbólóhùn náà dùn mọ́ni nínú: ó ní ojúṣe báńkì ni láti ṣètò tó múná dóko tí yóò dáàbò bo àṣírí oníbàárà lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì. Ìlàjì kejì ló ṣòro. Ó ní bí àwọn ẹni ibi bá ráyè wọlé, oníbàárà ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé báńkì ìbá ti ṣe ju bó ṣe ṣe lọ.

Kí onílàákàyè wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún alátẹ ọjà Bódìjà tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, báńkì ló ni ín. Fọ́tò tí ẹ̀rọ ATM yà, ọwọ́ báńkì ló wà. Orúkọ òṣìṣẹ́ tó wo àkáǹtì náà lọ́jọ́ tí owó jáde, báńkì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ni òfin wá ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyí, àfi pé níbí, wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin.

A kò ní torí èyí sọ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí káàdì olókùn dúdú ṣì wà lóde, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré kan lè da ohun tó wà lára okùn náà kọ sára káàdì mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ìkìlọ̀ tó lè gba oníbàárà lọ́wọ́ èyí. Ohun tó bá a wí ni káàdì tó ní ike góòlù kékeré níwájú, èyí tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, mú kí àwọn báńkì máa lò ní nǹkan bí ọdún 2010. Kò rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Lọ́dún 2014 ni nọ́ńbà BVN bẹ̀rẹ̀, tó so àkáǹtì mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú ẹni tó ni ín. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì sọ pé ilé-iṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn bá jò lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyẹn sì lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin. Gbogbo ìwọ̀nyí fi hàn pé àtúnṣe tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ọwọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tàbí tó ń darí rẹ̀ ló ti ń wá.

Báńkì nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń di ẹrù tó ju agbára lé aráàlú lórí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Lọ́dún 2003, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlànà àti ìwọ̀n, NIST, gbé ìwé kan jáde tó mú kí ilé-iṣẹ́ káàkiri àgbáyé máa pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì kún pásíwọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ni àwọn èèyàn ṣe? Wọ́n yí "Ibadan1!" padà sí "Ibadan2!", wọ́n sì kọ ọ́ sí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ obìnrin méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, Anne Adams àti Angela Sasse, ti kọ̀wé pé aṣèlò kọ́ ni ọ̀tá. Òfin tí ọpọlọ èèyàn kò lè gbé ló ń sọ ọ́ di arúfin. Lọ́dún 2017, Bill Burr tó kọ ìwé ọdún 2003 náà sọ fún ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún náà ni NIST yọ àṣẹ pípààrọ̀ lóòrèkóòrè kúrò. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé kí pásíwọ́ọ̀dù gùn, kí èèyàn sì pààrọ̀ rẹ̀ bí àmì bá wà pé ó ti jò.

Àwọn ohun èlò inú ilé náà kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2016, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò rí Twitter àti Netflix lò fún wákàtí bíi mélòó kan. Ohun tó fà á ni àwọn kámẹ́rà ìṣọ́lé àti ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀, tí àwọn ọ̀daràn ti kó sábẹ́ àkóso wọn nípa ètò kan tó ń jẹ́ Mirai. Nǹkan bí ọgọ́ta orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni Mirai kàn ń gbìyànjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra kámẹ́rà láti fi ṣọ́ ọgbà rẹ̀ kò mọ̀ pé pásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, kò tilẹ̀ sí ọ̀nà láti pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba kí wọ́n ta irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù kan náà tó rọrùn láti mọ̀. Ẹni tó ń tà á sì gbọ́dọ̀ sọ iye ìgbà tí òun yóò fi máa tún ààbò rẹ̀ ṣe.

Àwọn báńkì ní àríyànjiyàn tiwọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní bí àwọn bá ń san gbogbo owó tó sọnù, oníbàárà yóò máa ṣe bó ti wù ú, àwọn mìíràn yóò sì gba owó tán, wọn yóò wá sunkún wá sí báńkì. Òótọ́ ni pé irú wọn wà. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà fi fi $50 àti $500 de ẹni tó bá ń lọ́ra. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti kúrò níbi tó wà láyé ọlọ́pàá yẹn. Láti ọjọ́ keje, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, bí oníjìbìtì bá fẹ̀tàn mú kí ẹnì kan fi owó ránṣẹ́ sí i fúnra rẹ̀ láàárín àwọn báńkì ibẹ̀, báńkì tí owó ti jáde àti èyí tó gba owó náà wọlé gbọ́dọ̀ jọ san án padà, ìdajì-ìdajì, tó fi dé £85,000. Wọ́n lè yọ £100 nínú rẹ̀, wọ́n sì lè kọ̀ láti san án fún ẹni tó bá hùwà àìbìkítà tó burú jáì. Ṣùgbọ́n báńkì ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí àìbìkítà náà hàn. Báńkì tó gba owó olè wọlé wá ń rí ìdí tí kò fi yẹ kó máa ṣí àkáǹtì fún ẹni tí kò mọ̀.

Kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó dé Nàìjíríà, àwọn nǹkan kan wà tó kù sọ́wọ́ oníbàárà, ẹ̀rí ni wọn yóò sì jẹ́ fún un lọ́jọ́ ogun. Nọ́ńbà OTP tí báńkì bá fi ránṣẹ́, kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ báńkì kankan yóò béèrè lórí fóònù. Ẹni tó ń fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gbé owó yẹ kó ti síìmù náà pa pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó bá jí fóònù má lè yọ síìmù bọ inú òmíràn kó sì máa ná owó. Bí owó bá jáde lójijì, wákàtí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì: kí oníbàárà pe báńkì láti ti àkáǹtì pa, kó pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bó bá jẹ́ pé fóònù ló sọnù. Lẹ́yìn náà, kó kọ ìwé ẹ̀sùn tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà, kó sì tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò yanjú rẹ̀, ẹ̀ka tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní CBN ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí ti ṣe ojúṣe tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adìyẹ tó wọ àgò kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àgò bá wá lu, tí akátá sì gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ẹni tó hun àgò. Títí di ìgbà tí àwọn aṣòfin ní Àbújá yóò tún ìlàjì kejì gbólóhùn inú abala kọkàndínlógún náà wò, ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀ ni òfin yóò ṣì máa ní kó wá ẹ̀rí wá.